Labalábá orí bọmubọmu: èwo nínú wọn ni àwọ̀ rẹ̀ ṣàjèjì ní tòótọ́?

Olùkọ́ kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lẹ́bàá Ògbómọ̀ṣọ́ ni ó fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú fọ́tò mẹ́rin: “Ẹ kú iṣẹ́, sà. Igi bọmubọmu kan wà lẹ́yìn kíláàsì wa tí labalábá kì í wọ́n lórí rẹ̀. Nínú ìwé tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ, pupa ni gbogbo apá labalábá náà, ṣóńṣó apá iwájú nìkan ló dúdú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èyí tí a ń rí níbí ni apá ẹ̀yìn wọn funfun báláú. Àwọn ọmọ kó kòkòrò méjì láti orí igi náà sínú ìgò. Ọ̀kan yọ pẹ̀lú apá funfun, èkejì yọ ní pupa bíi ti inú ìwé. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ, a tún rí ọ̀kan tí kò ní dúdú kankan ní ṣóńṣó apá, àti òkú ọ̀kan tí ó dà bí ẹni pé iná jó o lápá. Bàbá ọmọ kan ní oògùn tí wọ́n ń fín pa koríko ní oko ẹ̀gẹ́ ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀. Ṣé oríṣi mẹ́rin ni wọ́n, àbí àìsàn ni, àbí a ti rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò rí rí?”

Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa, ẹ sì kú akitiyan lórí àwọn ọmọ náà. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi sí, ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá ohun tí ẹ ń kà fún wọn nínú ìwé bá ohun tí ojú wọn ń rí mu, ẹ kò sì fẹ́ sọ fún wọn pé ohun kan ṣọ̀wọ́n kí ó tó wá di pé ó kún ẹ̀yìn ilé gbogbo ènìyàn. Mo ti wo fọ́tò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láàárọ̀, mo tún tún wọn wò lálẹ́. Apá funfun tí ó yà yín lẹ́nu jù ni onílé níbí. Pupa ti inú ìwé gan-an ni àlejò. Èyí tí kò ní dúdú ní ṣóńṣó apá kì í ṣe ẹ̀yà kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù rárá, bí wọ́n tilẹ̀ jọra bí ìbejì. Èyí tí ẹ pè ní ẹni iná jó, tí ẹ fi ṣe ìkẹyìn bí ẹni pé ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ má fi í ránṣẹ́, ni mo wò pẹ́ jù lọ.

Danaus chrysippus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pe labalábá orí bọmubọmu yín. Linnaeus, ará Sweden, ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní 1758. Ibi tí ó tàn dé kì í ṣe kékeré, nítorí ó wà káàkiri Áfíríkà, ó wà ní India, ó sì kọjá ibẹ̀, ṣùgbọ́n aṣọ tí ó ń wọ̀ ń yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ní India, pupa rúsúrúsú ni apá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣóńṣó apá iwájú sì dúdú pẹ̀lú ọ̀já funfun tí ó dábùú rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, apá iwájú kò yí padà, àmọ́ àárín apá ẹ̀yìn funfun. Alcippus ni wọ́n ń pe irú èyí, òun ni ó sì pọ̀ jù lọ ní ẹkùn wa. Ní àwọn ilẹ̀ gbígbẹ ti Ìlà Oòrùn, bíi Somalia àti apá kan Kenya, dorippus ni ó gbòde, èyí tí dúdú àti ọ̀já funfun ti pòórá kúrò ní ṣóńṣó apá rẹ̀. Ní àárín méjèèjì, ní Uganda àti lágbègbè Nairobi, gbogbo wọn ń pàdé, wọ́n ń gun ara wọn, ọmọ wọn sì ń yọ ní oríṣiríṣi àdàlù. Ẹni tí ó ya àwòrán inú ìwé yín ya labalábá tòótọ́, kò purọ́; aṣọ ìlú mìíràn ni ó yà. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ó ń wá àwọ̀ àjèjì ni pé ìbéèrè àkọ́kọ́ ni “níbo ni ẹ ti rí i?” Apá funfun ní Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ìròyìn, ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá fi í ránṣẹ́ sí mi láti India, n kò ní sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó tún yẹ kí a mọ ohun tí àwọ̀ náà jẹ́ gan-an. Apá labalábá fúnra rẹ̀ kò ní àwọ̀ kan tí ó ṣe é tọ́ka sí. Ó mọ́ gaara bí ọ̀rá. Ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ni ó bò ó, ìpẹ́ tí a tò léra bí páànù orí ilé, òun náà sì ni ó ń lẹ̀ mọ́ ìka ọmọdé bí àtíkè nígbà tí ó bá mú un. Àwọ̀ kan ṣoṣo ni ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ní, nítorí náà, ohun tí a ń pè ní àmì tàbí ọ̀já lójú wa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpẹ́ ni ó kó ara wọn jọ síbẹ̀. Nínú alcippus, ìpẹ́ wà ní àárín apá ẹ̀yìn, ṣùgbọ́n èròjà pupa kò wọnú wọn, ìmọ́lẹ̀ sì ń tàn padà lára wọn ní funfun. Èyí yàtọ̀ pátápátá sí labalábá arúgbó tí ìpẹ́ rẹ̀ ti gbó dànù. Labalábá tó bá dìgbò lu ẹ̀gún, aṣọ rẹ̀ á fàya, ni àwọn àgbà wí. Èmi a máa fi kún un pé kí aṣọ náà tó fàya, ó ti ṣá. Ìdajì nínú àwọn “àwọ̀ tí a kò rí rí” tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí mi, aṣọ tó ṣá lásán ni. Ọ̀nà kan tí mo fi ń dán an wò nìyí: ẹ gbé apá èyí tí ó ti kú lé orí ìwé ìròyìn. Bí ẹ bá lè ka lẹ́tà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ìpẹ́ ni ó ti lọ. Bí funfun náà bá bo lẹ́tà mọ́lẹ̀, funfun àbínibí ni. Nínú fọ́tò yín àkọ́kọ́, ojú oòrùn wà lẹ́yìn labalábá náà, síbẹ̀ n kò rí ewé kankan láti inú funfun rẹ̀, nítorí náà ọkàn mi balẹ̀ lórí ìyẹn.

Ní ti méjì inú ìgò, ẹ má tíì fi ọwọ́ sọ̀yà pé ìyá kan ni ó bí wọn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni abo ń yé ẹyin rẹ̀, ọ̀kan sí ewé yìí, ọ̀kan sí ewé yẹn, abo mìíràn sì lè wá yé tirẹ̀ sórí igi kan náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ gbà pé ọmọ ìyá ni wọ́n, kò sí ohun ìyanu níbẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò ṣáájú ìgbéyàwó mọ̀ pé bàbá AS àti ìyá AS tí ara wọn le koko lè bí ọmọ SS, nítorí pé ìpín méjì ni ọmọ ń gbà, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti apá funfun. Bí labalábá kan bá gba ìpín funfun láti ọ̀dọ̀ òbí méjèèjì, apá rẹ̀ yóò funfun. Bí ó bá gba ẹyọ kan, pupa ni yóò borí. Òbí méjì tí wọ́n pupa, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbé ìpín funfun kan pamọ́, yóò máa bí ọmọ funfun kan nínú mẹ́rin. Bí ọ̀kan nínú wọn bá sì jẹ́ funfun fúnra rẹ̀, ìdajì àwọn ọmọ ni yóò funfun. Ibi tí àfiwé náà kò ti pé ni pé pupa kì í sábà borí tán: èyí tí ó gbé ìpín funfun kan pamọ́ máa ń ní ìpẹ́ funfun díẹ̀díẹ̀ tí ó fọ́n ká sáàárín pupa, bí eérú tí afẹ́fẹ́ gbé sórí aṣọ. Ẹ fa fọ́tò kejì tóbi lórí fóònù yín, ẹ wo àárín apá ẹ̀yìn, ẹ ó rí eérú náà. Èyí tí ẹ rò pé ó jẹ́ ojúlówó ti inú ìwé, ẹ̀jẹ̀ onílé wà lára rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé orí ẹ̀kẹta, èyí tí kò ní dúdú ní ṣóńṣó apá. Ẹni tí ó bá ti kà nípa dorippus yóò fò sókè pé àlejò láti Kenya ti dé Ògbómọ̀ṣọ́. Kí ó tó fò, kí ó ka àmì dúdú tí ó wà lórí apá ẹ̀yìn. Danaus abo ní mẹ́ta tí ó sún mọ́ra láàárín apá náà. Akọ ní mẹ́rin, nítorí pé àpò kékeré kan tí ó fi ń pèsè òórùn tí ó fi ń fa abo mọ́ra wà níbẹ̀, tí ó dúdú, tí ó sì funfun díẹ̀ láàárín. Lórí èyí tí ẹ yà, àmì kan ṣoṣo ni mo rí, ó sì wà lókè pátápátá, nítòsí etí iwájú apá ẹ̀yìn náà. Etí apá rẹ̀ tún rí ségesège, nígbà tí ti Danaus máa ń tẹ́jú. Hypolimnas misippus abo ni ẹ rí, irú tí wọ́n ń pè ní inaria. Labalábá yìí kò ní oró kankan lára, ó kàn ń wọ aṣọ ẹlẹ́rù ni. Bọmubọmu ní oje funfun tí ó ń pa ọkàn lára, àwọn ìyá Fúlàní sì mọ bí wọ́n ti ń fi díẹ̀ lára rẹ̀ mú wàrà dì. Kòkòrò Danaus ń jẹ ewé náà dàgbà, ó sì lè kó oró rẹ̀ sára. Ẹyẹ tí ó bá tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan yóò pọ̀ ọ́, kò sì ní fẹ́ rí aṣọ pupa bẹ́ẹ̀ mọ́. Misippus, tí kòkòrò tirẹ̀ ń jẹ pápàsan ní tirẹ̀, ń jàǹfààní ẹ̀rù yẹn láìsan kọ́bọ̀. Abo misippus ní ti apá funfun, ó ní ti pupa, ó tún ní èyí tí kò ní dúdú lápá, gbogbo rẹ̀ láti bá irú Danaus tí ó wà káàkiri mu.

Akọ rẹ̀ kò fara wé ẹnikẹ́ni. Dúdú ni, ó ní òbìrípo funfun mẹ́ta ní ìhà kọ̀ọ̀kan, méjì lórí apá iwájú, ọ̀kan lórí apá ẹ̀yìn, àwọ̀ elésè àlùkò sì yí wọn ká tí ó ń yọ tí ó ń pòórá bí ó ti ń ṣí apá rẹ̀. Èròjà kọ́ ni ó mú elésè àlùkò yìí wá; bí ojú ìpẹ́ náà ṣe rí ni ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà bẹ́ẹ̀, nítorí náà fọ́tò méjì tí a yà láti ìhà méjì lè mú kí akọ kan ṣoṣo dà bí méjì. N kò lè fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́ lórí èyí. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga, mo fi abẹ́rẹ́ kan akọ misippus mọ́ páálí, mo kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Mo kan abo rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, mo kọ Danaus sí i lára pẹ̀lú ìgboyà. Ọ̀gá mi wò ó, kò sọ ohunkóhun, ó kàn bi mí pé, “Àmì dúdú mélòó?” Ọdún méjì ni tọkọtaya yẹn ti fi wà nínú páálí kan náà pẹ̀lú orúkọ ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ní South Africa ní àwọn ọdún 1860, Roland Trimen ni ó fi hàn pé àwọn labalábá kan tí àwọn ènìyàn ti fún ní orúkọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, abo ẹ̀yà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn, Papilio dardanus, tí akọ wọn ní ìrù, tí ó sì pọ́n bí ìyeyè.

Mo bi yín ní ọjọ́ tí ẹ ya àwòrán kọ̀ọ̀kan nítorí pé àwọn labalábá kan ń pààrọ̀ aṣọ bí àkókò ti ń yí. Melanitis leda, labalábá aláwọ̀ ilẹ̀ tí ó ń fò kúẹ́kúẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ lẹ́bàá igbó, máa ń ní àmì rogodo bí ojú lábẹ́ apá rẹ̀ nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ojú náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá, gbogbo abẹ́ apá á wá rí bí ewé gbígbẹ. Ẹni tí ó bá rí i ní Agẹmọ tí ó tún rí i ní Ṣẹẹrẹ lè búra pé ẹ̀yà méjì ni. Ṣùgbọ́n apá funfun orí bọmubọmu kò sí lára irú èyí. Ìpín tí ó gbà ni ó ń sọ ọ́, òjò ìbáà rọ̀, ọyẹ́ ìbáà fẹ́.

Oògùn koríko kò sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Mo mọ ìdí tí bàbá ọmọ náà fi fura, nítorí pé oògùn wọ̀nyí ti ba ọ̀pọ̀ nǹkan jẹ́ lójú wa, wọ́n sì ń dín labalábá kù ní ti pé wọ́n ń pa ewé tí kòkòrò rẹ̀ ń jẹ. Oògùn kòkòrò tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí májèlé ń ṣe sí labalábá ni kí ó pa á, tàbí kí apá rẹ̀ ká kò tí kò sì ní lè nà. Kì í kun àárín apá ẹ̀yìn ní funfun mímọ́ kí ó sì fi etí dúdú rẹ̀ sílẹ̀ láìyẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, Cramer, ará Netherlands, ti fún apá funfun yìí ní orúkọ ní 1777, nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni tí ó ń fín oògùn koríko ní oko.

Ó wá ku ẹ̀kẹrin. Nínú fọ́tò yẹn, àmì dúdú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó yẹ kí ó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí apá ẹ̀yìn ti fà gùn, wọ́n ti nà dé etí apá bí tàdáwà tí omi kán sí, dúdú etí apá náà sì ti ṣàn wọnú. Ohun tí mo kọ́kọ́ wá ni bóyá ọ̀tún àti òsì dọ́gba. Ìjàǹbá kì í sábà dọ́gba, nígbà tí àwọ̀ tí ó ti inú wá máa ń dọ́gba. Àyàfi kan wà tí ó ti tàn mí jẹ rí: bí ẹyẹ bá já apá labalábá nígbà tí ó pa á dé, ojú ibi tí ó já yóò dọ́gba lọ́tùn-ún lósì bí aṣọ tí a ká kí a tó gé. Ṣùgbọ́n tiyín kò já. Ìpẹ́ rẹ̀ pé, ó kàn gba àwọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ni, ó sì dọ́gba títí dé etí. Irú èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí kòkòrò bá ti so rọ̀, tí kò jẹun mọ́, tí ó ń para dà nínú àpò rẹ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní sí ìkejì níbẹ̀ ni a ń pín àmì sórí apá, bí òtútù tàbí ooru líle bá sì bá a ní wákàtí yẹn, ìpín náà lè dàrú. Ní apá ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Standfuss ní Switzerland fi òtútù àti ooru dán irú àpò bẹ́ẹ̀ wò, ó sì rí labalábá tí àmì wọn dàrú. Oṣù Ṣẹẹrẹ ni ẹ rí tiyín, nígbà tí ọyẹ́ ń mú lóru ní Ògbómọ̀ṣọ́ tí oòrùn sì ń ta gan-an lọ́sàn-án. Nítorí náà òtútù ni mo fura sí. Síbẹ̀, ìpín àbínibí kan tí ó ṣọ̀wọ́n lè fún un ní irú aṣọ kan náà, kò sì sí fọ́tò tí ó lè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Bíbí ọmọ nìkan ni ó lè ṣe é, nítorí pé èyí tí òtútù sọ dà bẹ́ẹ̀ kò ní fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Èyí ti kú kí ẹ tó rí i, nítorí náà ọ̀nà yẹn ti dí.

Ní ti ohun tí ẹ lè ṣe láti ìsinsìnyí lọ, ìdánwò tó dájú jù ni kí ẹ sin wọ́n láti ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ẹ mọ̀. Ẹ fi nẹ́ẹ̀tì ìbùsùn àtijọ́ bo ẹ̀ka bọmubọmu kan tí kò ní ẹyin lórí, ẹ fi abo kan tí ẹ ti ya àwòrán rẹ̀ sínú rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ẹ tú u sílẹ̀. Láàárín bí oṣù kan, ẹ ó ti mọ àwọ̀ ọmọ rẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì yín á sì ka iye funfun àti iye pupa fúnra wọn. Ìnira rẹ̀ ni pé ewé tútù kò gbọ́dọ̀ tán, èèrà á máa wá, oje bọmubọmu sì léwu gidigidi fún ojú, nítorí náà kí àgbàlagbà nìkan máa já ewé náà, kí gbogbo ọwọ́ sì di fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Bí èyí bá pọ̀ jù fún yín, ẹ kàn máa ka àwọn tí ó bà lé igi náà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ́sẹ̀, jálẹ̀ ọdún kan. Iye yẹn wúlò fún mi ju fọ́tò rírẹwà kan lọ. Fífi abẹ́rẹ́ kan alààyè mọ́ páálí ni n kò gbà yín nímọ̀ràn rẹ̀. Apá funfun pọ̀ ju ohun tí a ń pa lọ, èyí tí ó ṣọ̀wọ́n sì dára jù ní ààyè, kí a lè rí ọmọ rẹ̀.

Èyí tí ó ti kú yẹn nìkan ni mo bẹ̀ yín fún. Bí ó bá ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ọmọ, ẹ pa apá rẹ̀ dé, ẹ fi bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, ẹ kọ ọjọ́, ibi àti orí ohun tí ẹ ti rí i sí ara bébà náà, kí ẹ sì kó o sínú páálí ìṣáná tí ó gbẹ. Ẹ má fi sínú ọ̀rá, nítorí yóò hu. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ohun abẹ̀mí tí ó wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ń tọ́jú irú nǹkan báyìí, ẹ sì lè kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, kí àwọn náà tẹjú mọ́ apá ẹ̀yìn àwọn tó wà nínú gíláàsì, kí wọ́n ka àmì dúdú.